Ihò tí Cyprien ní kí wọ́n dí

Ogún ọdún ni Cyprien fi ń bu epo dísẹ́ẹ̀lì sínú ẹ̀rọ amúnáwá ìlú wa, kí ó tó di ẹni tí ń bẹ àwọn ènìyàn pé kí wọ́n dín epo kù. Odò ló fà á. Ọkọ̀ ojú omi ní í máa ń gbé epo wá fún wa nígbà ooru, kí yìnyín tó dí ọ̀nà. Lọ́dún kan omi fà, ọkọ̀ kò lè kọjá, bààlúù ni wọ́n sì fi ń kó epo wá lówó gọbọi, àgbá lẹ́yìn àgbá. Ìgbà náà ni ìgbìmọ̀ ìlú ní kí Cyprien máa lọ láti ilé dé ilé, kí ó máa wá ibi tí ooru ń gbà sá jáde.

Iṣẹ́ náà bá a lára mu. Yóò tan igi tùràrí kan, yóò mú un sún mọ́ etí fèrèsé. Bí èéfín rẹ̀ bá tẹ̀, a jẹ́ pé atẹ́gùn ń wọlé níbẹ̀. Yóò fi fóòmù dí i. Yóò pààrọ̀ gílóòbù tí ń jẹ iná, yóò sì pa ohun tí ẹnikẹ́ni kò lò. Wọ́n ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

"Cyprien, jọ̀ọ́, wá wo ihò imú mi. Atẹ́gùn ń gbabẹ̀ wọlé."

"Ẹnu rẹ ni kí n kọ́kọ́ dí."

Ṣùgbọ́n nígbà tí òtútù ọdún kejì fi dé, epo tí ìlú ń jó ti dín kù gan-an, Cyprien sì ti ń rìn bí ẹni tó mọ̀ pé wọ́n ń wo òun.

Ní oṣù kọkànlá, ó dé ilé Ìyá Rosalie, opó ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin tó ń dá gbé létí adágún. Kò tíì wò ju yàrá kan lọ nígbà tí àwọn ọdẹ ẹgbẹ́ rẹ̀ gun alùpùpù orí yìnyín kọjá níta, tí wọ́n ń pariwo pé agbo àgbọ̀nrín ti sọ̀ sórí adágún tó ti di yìnyín. Ọdún mẹ́ta ni ẹran kò ti sún mọ́ wa tó bẹ́ẹ̀. Cyprien fi igi tùràrí lé ìyá lọ́wọ́.

"Ìyá, ẹ̀yin náà ẹ lè ṣe é. Ibikíbi tí èéfín yìí bá ti tẹ̀, ẹ dí i."

"Ibikíbi?"

"Ibikíbi, Ìyá."

"Ó dáa, máa lọ. Ẹran kì í dúró de ènìyàn. Má gbàgbé ahọ́n ẹran tèmi o."

Ìyá Rosalie ṣe é bí bàbá rẹ̀ ti ń ṣe é nígbà tí a ń fi ìtì igi kọ́lé. Ó kó koríko rírọ̀ tí à ń sá gbẹ, èyí tí à ń tẹ́ sídìí ọmọ ọwọ́, ó sì ki etí fèrèsé àti abẹ́ ilẹ̀kùn. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò elépo tí ń mú ilé gbóná, ó rí páìpù kan tí òtútù ń gbà wọlé ju ibi gbogbo lọ. Ó ki òun náà pinpin. Páìpù yẹn ni ààrò fi ń mí. Bí a bá dí i, èéfín olóró kan tí kò rùn, tí ojú kò sì rí, ni ààrò yóò máa tú sínú ilé.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kẹta, Bernadine, ọmọ rẹ̀ obìnrin, bá a nílẹ̀ ilé ìdáná, kò lè sọ̀rọ̀. Wọ́n ṣílẹ̀kùn gbayawu, wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì, orí sì bá a ṣe é, ó yè. Ọjọ́ ogbó ni nọ́ọ̀sì rò pé ó dé.

Wọ́n ní kí Cyprien lọ tan ààrò tó ti kú. Ó kúnlẹ̀, ó na ọwọ́ sínú páìpù, ó sì fa koríko náà jáde. Ó mọ ẹni tó sọ pé ibikíbi. Ó bojú wẹ̀yìn, kò sí ẹnìkan. Ó ti koríko náà bọ àpò, ó tan ààrò, ó sì jáde.

Bernadine ti pinnu ní tirẹ̀. Obìnrin tó ṣubú láìnídìí kò gbọdọ̀ dá gbé mọ́. Ilé àwọn arúgbó ní olú ìlú ni yóò lọ, ìrìn àjò bààlúù méjì sí wa, ní Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀. Àwa náà mọ̀ pé ẹni tó bá lọ síbẹ̀ kì í sábà padà.

Cyprien gbé ahọ́n àgbọ̀nrín lọ fún ìyá. Ó bá a níbi tó ti ń yọ fọ́tò lára ògiri.

"Ìyá, ara ńkọ́?"

"Ara wà. Jókòó, jẹ ẹja. Bernadine ní orí mi ti ń dàrú. Ó ní mo ti ń gbàgbé nǹkan."

"Ẹ̀yin fúnra yín ńkọ́?"

"Èmi? Mo rántí gbogbo ẹ̀." Ìyá bu tíì sí ife rẹ̀. "Rọra jẹ ẹ́ o, egungun pọ̀ níbẹ̀."

Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní tiwa, a kì í nàka sí ẹni tó ti dàgbà tó pé ìwọ lo jẹ̀bi. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́. Cyprien rí i pé ìyá yóò kúkú wọ bààlúù ju kí ó dárúkọ òun lọ. Ojú tì í, ó gbé àwo ẹja sẹ́gbẹ̀ẹ́. Síbẹ̀ ó dìde, ó dúpẹ́, ó sì gba ilé rẹ̀ lọ.

Ní Ọjọ́bọ̀, a kún ilé ìyá láti dágbére. Báàgì wà lẹ́nu ọ̀nà. Cyprien wọlé kẹ́yìn.

"Bernadine, má gbé báàgì yẹn."

"Kúrò lọ́nà jàre. Bààlúù ò ní dúró de àwàdà ẹ lónìí."

Ó da koríko náà sórí tábìlì. Díẹ̀ nínú rẹ̀ ti di eruku.

"Inú páìpù ààrò ni mo ti fà á yọ. Èmi ni mo ní kí ìyá dí ibikíbi. Mi ò fi páìpù yẹn hàn wọ́n, ẹran ni mo ń sáré lọ pa. Orí ìyá pé. Ó ti di ọjọ́ mẹ́sàn-án tí mo ti mọ̀, tí mo sì dákẹ́."

Bernadine yíjú sí ìyá rẹ̀. "Màmá, ẹ mọ̀?"

"Ẹnu tiẹ̀ ló yẹ kí ọ̀rọ̀ yẹn ti jáde. Kì í ṣe ẹnu mi."

Bernadine gbé báàgì padà sínú yàrá. Kò bú Cyprien, kò sì wò ó. Kò sẹ́ni tó wò ó nínú wa. Ìbá sàn fún un bí Bernadine bá gbá a létí.

Lọ́jọ́ náà gan-an, Cyprien bẹ̀rẹ̀ sí í padà wọ gbogbo ilé mọ́kànlélógójì tó ti ṣe. Ó bá àkísà nínú páìpù méjì. Ní èkejì nínú ilé méjì náà, ọmọ oṣù mẹ́ta ń sùn ní yàrá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò. Ó fa àkísà náà yọ, ó jáde, ó sì jókòó sínú yìnyín títí ìyá ọmọ fi wá bi í bóyá ara rẹ̀ kò yá.

Ó ń ṣe iṣẹ́ náà títí di òní. Ní ilé kọ̀ọ̀kan, ìdí ààrò ló kọ́kọ́ ń lọ. Yóò ní kí onílé na ọwọ́ sẹ́nu páìpù, kí òtútù fẹ́ sí i.

"Èyí, a kì í dí i. Mo jẹ́ kí Ìyá Rosalie dí tiwọn, díẹ̀ ló kù kí wọ́n kú."

"A ti gbọ́ ọ, Cyprien. Ó ti tó."

Kì í gbà pé ó tó. Yóò sọ ọ́ tán pátá, ti ẹran tó sáré lọ pa àti ti ọjọ́ mẹ́sàn-án tó fi dákẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé tó bá dé ibi ọjọ́ mẹ́sàn-án náà, ilẹ̀ ló máa ń wò.