Pánla Kì Í Gbààwẹ̀

Ọdún kọkànlélógún rèé tí Deborah ti ń la ikùn pánla ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́, yìnyín sì ti ba ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ jẹ́ débi pé bí abẹ́rẹ́ gún un, kò ní í mọ̀. Ó ti rẹ̀ ẹ́, kò sì fi bò. Láti èṣí ni Tijésùnimí, ọmọ rẹ̀, ti ń bá a di ọ̀bẹ mú. Ọmọ náà ti rí yunifásítì wọ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, ìyá ló bẹ̀ ẹ́ pé kó ṣì dúró fún ọdún kan. Ọdún náà pé, ìyá tún ń bẹ̀ ẹ́. Ọjọ́bọ̀ nìyí, ọjọ́ Ẹtì ni ìforúkọsílẹ̀ á parí.

Àwọn aláàdúrà ló ń ra pánla jù. Nígbàkígbà tí wọ́n bá la ikùn rẹ̀, òfìfo ni wọ́n ń bá, ni wọ́n bá gbà pé ẹja ààwẹ̀ ni, òun ló yẹ kéèyàn fi ṣínu. Deborah kò bá wọn jiyàn. Ta ni í fi ẹnu ara rẹ̀ lé oníbàárà lọ?

Ìyá Ànúolúwa, ìyá ìjọ tó máa ń yẹ ẹja wò bí ẹni ń wá ẹ̀ṣẹ̀ nínú rẹ̀, ló dúró tì wọ́n nígbà tí Tijésùnimí la ọ̀kan. Odindi pánla kékeré yọ jáde.

"Ìyá Tijésù, ṣebí wọ́n ní ẹja yìí kì í jẹun?"

Ọmọ ló dáhùn. "Ó ń jẹun, mà. Ìsàlẹ̀ òkun tó tutù ló ń gbé lọ́sàn-án. Tílẹ̀ bá ṣú, á gòkè wá ṣọdẹ edé àti ẹja wẹ́wẹ́. Bí wọ́n ṣe ń fà á jáde ni ikùn rẹ̀ ń yí síta, tóúnjẹ ń dà nù."

"Irú ara rẹ̀ ló gbé mì yìí o."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Bí ebi bá pa àgbà pánla, ọmọ pánla ló ń jẹ."

Kò fi gún ìyá rẹ̀ lára. Ẹja ló ń sọ. Ohun tó dun Deborah gan-an nìyẹn. Ọmọ tó bá bínú, èèyàn lè bá a jà. Èyí ò bínú, ọ̀bẹ ló ń nù. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ ní akínyẹmí ara, ojú sì tì í. Ó wo ìka ọmọ náà, ó rí i pé yìnyín ti ń bà á jẹ́ bíi ti òun.

Ìyá ìjọ ti bá tirẹ̀ lọ láìra nǹkan kan. Deborah gba ọ̀bẹ.

"Lọ wẹ̀. Ọkọ̀ Ògbómọ̀ṣọ́ ṣì wà ní gáréèjì."

"Màámi, páálí mẹ́ta ló kù. Ta ló máa là á?"

"Èmi ni."

"Ọwọ́ yín yìí náà?"

"Mo ní kó o lọ wẹ̀."

Ọmọ náà lọ. Deborah fa páálí kan mọ́ra, ó fi ọ̀bẹ sọ́wọ́ òsì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ bí wọ́n ṣe ń la ẹja.