Orin Tí Ìsíátù Ò Gbọ́ Dópin

Orin kan ṣoṣo ni Ìsíátù fẹ́ gbọ́ dópin. A lọ síbi tí wọ́n ti ń kọ ọ́ títí bàtà gàràǹtì gíga mi fi jẹ tán nísàlẹ̀, síbẹ̀ kò gbọ́ ọ dópin. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ojú mi ló ṣe. Èmi Àìná ni ọ̀rẹ́ rẹ̀. A jọ ń ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ ìhunṣọ kan ní Ìsọlọ̀ ni, ẹ̀rọ tèmi sì kọjú sí tirẹ̀.

Ìsẹ́yìn ni wọ́n ti wá nílé wọn. Ìyá rẹ̀, tí gbogbo ọjà Òṣòdì ń pè ní Ìyá Rùfáì, ń ta aṣọ, ó sì fẹ́ kí Ìsíátù wá jókòó ti òun nídìí aṣọ. Ìsíátù ní rárá o, owó oṣù lòun fẹ́. Ìgbà yẹn ni owó epo ń ṣàn wọ ìlú bí ẹni pé ẹnìkan gbàgbé láti ti ẹnu ẹ̀rọ omi. Wọ́n san owó Údójì, àfikún owó oṣù, fún àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba. Àwa náà yarí, a ní ẹ̀rọ kankan ò ní ṣiṣẹ́, àfi bí wọ́n bá fún wa ní tiwa. Ẹni tó ra rédíò ra rédíò, ẹni tó fẹ́ ìyàwó kejì fẹ́ ẹ. Orin rọ́ọ̀kì ni èmi àti Ìsíátù ná tiwa lé lórí.

Háà, ó dùn! Ọ̀sán ọjọ́ Sunday ni wọ́n máa ń ṣe é, jọ́ọ̀mpù la ń pè é, nínú àgbàlá òtẹ́ẹ̀lì kan ní Ìsọlọ̀ tí wọ́n ń pè ní Ìrọ̀rùn. Àwọn ọmọkùnrin á wọ sòkòtò bọ́ńgò tó ń gbálẹ̀, irun wọn á rí roboto bí igbá. Sípíkà wọn ga tó kọ́bọ́ọ̀dù, bí wọ́n bá sì fa okùn jìtá tó ń dún bùm-bùm, míńírà inú ìgò ẹni á máa gbọ̀n. Ibẹ̀ la ti rí ẹgbẹ́ olórin tó ń jẹ́ Ìjàlọ. Ọ̀dọ́kùnrin márùn-ún ni wọ́n. Ṣàmsúdéènì ni olórí wọn, òun ló ń kọrin, ẹnu rẹ̀ sì dùn bí oyin. Ọlọ́runyọmí ló ń ta jìtá, gbọọrọ báyìí, kì í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀.

Orin tí mò ń wí yìí, tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ńṣe ló máa ń dà bí ẹni tó rọra ń kan ilẹ̀kùn. Ṣàmsúdéènì á kọ tirẹ̀, á wá yẹra fún Ọlọ́runyọmí. Jìtá á bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè. Á gùn, á dúró mí, á tún gùn. Ìsíátù á di ọrùn ọwọ́ mi mú, á fún un pinpin, ẹnu rẹ̀ á là sílẹ̀. Ẹ̀yin náà á mọ̀ pé ibì kan wà tí jìtá yẹn ń lọ, pé ó kù díẹ̀ kó débẹ̀.

Ibi tó bá ti kù díẹ̀ yẹn gan-an ni Olóyè Fákúnlé máa ń dìde.

Kọntirakítọ̀ sìmẹ́ńtì ni Olóyè Fákúnlé, iwájú ni tábìlì rẹ̀ máa ń wà. Orin náà á ti gbóná dé ibi tí ara rẹ̀ ò lè gbà mọ́, á dìde, á jó bọ̀ níwájú, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ náírà mọ́ iwájú orí Ọlọ́runyọmí. Ta ló rí owó lórí tí kò ní pe orúkọ ẹni tó lẹ̀ ẹ́? Ṣàmsúdéènì á fò mọ́ ẹ̀rọ gbohùngbohùn:

"Fákúnlé o! Bí sìmẹ́ńtì bá wọ́n nílùú, kì í wọ́n nílé Fákúnlé!"

Jìtá tó ti ń gun òkè bọ̀ á já bọ́ sílẹ̀ pẹ̀ẹ́. Ohùn méjì péré ni Ọlọ́runyọmí á máa ta lábẹ́ oríkì yẹn, kẹ́ń-kẹ̀n, kẹ́ń-kẹ̀n, títí ọjọ́ á fi rọ̀. Orin wa tán nìyẹn.

"Àìná, ṣé o rí nǹkan tí wọ́n ṣe?"

"Mo rí i! Náírà tuntun ni gbogbo ẹ̀, kò tíì ká rárá!"

"Jìtá ni mò ń wí, ìwọ ọmọ yìí! Jìtá!"

Mi ò ní purọ́, ohun gbogbo ló máa ń dùn mọ́ mi níbẹ̀, àti jìtá àti owó. Ṣùgbọ́n Ìsíátù ò rẹ́rìn-ín títí a fi dé Òṣòdì. Ìyá rẹ̀ ló wá fi iyọ̀ sí egbò. "Ṣé ó parí lónìí?" Ìsíátù ní kò parí. "Mo ti rò ó. Ẹ wọ bàtà gíga lọ gbọ́ ìdajì orin. Èmi ò lè ta ìdajì ìró fún oníbàárà, kó tún padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀."

"Ó máa parí lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, Ìyá mi."

Kò parí lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Kò parí lóṣù tó ń bọ̀. Nígbà tó yá, a gbọ́ pé Ìjàlọ ti ṣe àwo, orin wa sì wà nínú rẹ̀. Inú wa dùn débi pé a sáré kúrò níbi iṣẹ́ láì bọ́ aṣọ iṣẹ́, a lọ rà á. Àbí Olóyè Fákúnlé lè dìde nínú àwo? A gbé e lọ sọ́dọ̀ Bọ̀ọ̀dá Táòfíkì, onígbàjámọ̀ àdúgbò wa, tó ní ṣéńjà tó fi ń lu àwo fún àwọn oníbàárà rẹ̀. Ó nu àwo náà mọ́ àyà aṣọ rẹ̀, ó gbé e sórí ẹ̀rọ. Ó dún! Ó kan ilẹ̀kùn, Ṣàmsúdéènì kọ tirẹ̀, jìtá bẹ̀rẹ̀ sí í gùn. Ìsíátù di ọwọ́ mi mú. Jìtá ń gùn, ó ń gùn, la bá gbọ́ pé ohùn ń lọ sílẹ̀. Ìsíátù fò dìde, ó yí bọ́tìnnì sókè. Ó ṣì ń lọ sílẹ̀. Ó fi etí lé sípíkà. Ohùn náà kéré, ó di ti ẹ̀fọn, ó dákẹ́.

"Bọ̀ọ̀dá Táòfíkì, ṣéńjà yín ti bàjẹ́."

"Ẹnu ẹ! Kò bàjẹ́. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Àwo ò gbà á tán."

"Wọ́n wá gé e?"

"Wọn ò gé e. Wọ́n rọra gbé e lọ ni."

"Ẹni tó bá rọra gbé nǹkan oníǹkan lọ, kí là ń pè é?"

Oníbàárà tí ìdajì orí rẹ̀ ti fá, tí ìdajì ò tíì fá, rẹ́rìn-ín títí Bọ̀ọ̀dá Táòfíkì fi ní kó má mira mọ́. Ìsíátù ò rí ohun tó pani lẹ́rìn-ín níbẹ̀.

Lójú ọ̀nà ló sọ fún mi pé òun máa lọ bá Olóyè Fákúnlé fúnra òun. Mo rò pé àwàdà ni. Nígbà tó di ọjọ́ Sunday, kí àwọn olórin tó tún okùn jìtá wọn ṣe tán, ó ti wà lórí ìkúnlẹ̀ níwájú tábìlì ọkùnrin yẹn. Mo kúnlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

"Ẹ káàsán, sà."

"Ẹ káàsán, ẹ̀yin ọmọ mi. Kí lẹ fẹ́? Iṣẹ́?"

"Rárá, sà. Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ jókòó."

Ó wo àga tó wà lábẹ́ rẹ̀. "Mo ti jókòó."

"Nígbà tí jìtá bá ń gun òkè ni mò ń wí, sà. Ẹ jẹ́ kó gùn ún dé orí, kí ẹ tó dìde náwó."

Olóyè rẹ́rìn-ín, fìlà rẹ̀ ṣubú sẹ́yìn. "Ṣé èmi ni mò ń dí orin lọ́wọ́? Mo ṣebí mò ń ràn án lọ́wọ́ ni!" Ènìyàn dáadáa ni, mi ò lè pa irọ́ mọ́ ọn. Ó ní, "Ó dáa. Nítorí tìẹ, mi ò ní mira lónìí."

Ó sì mú ìlérí rẹ̀ ṣẹ o! Orin bẹ̀rẹ̀, jìtá ń gùn, Olóyè ki ọwọ́ méjèèjì bọ abẹ́ itan rẹ̀, ó jókòó lé e. Jìtá dé ibi tó máa ń dìde. Kò dìde. Jìtá tún gòkè díẹ̀! Ibi tí a ò dé rí! Èékánná Ìsíátù wọnú ara mi, mi ò tiẹ̀ jẹ́ kó mọ̀. Ọlọ́runyọmí alára gbójú sókè bí ẹni tó ṣèèṣì rí ẹni tó mọ̀ tipẹ́.

Ṣàmsúdéènì ò tiẹ̀ wo jìtá. Tábìlì Olóyè ló ń wò. Mo rí i tí ojú rẹ̀ yí padà. Ó na ọwọ́ sókè.

"Ẹ dúró! Ẹ dúró, ẹ̀yin ọmọ!"

Ìlù dá, jìtá dá. Ó mú ẹ̀rọ gbohùngbohùn. "Ẹ̀yin èèyàn wa, Olóyè wa ò dìde lónìí. Olóyè, kí la ṣe? Bí a bá ti ṣẹ̀ yín, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dárí jì wá." Ló bá sọ̀ kalẹ̀, àwọn yòókù tẹ̀ lé e, àwọn márààrún dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú tábìlì, jìtá ṣì wà lọ́rùn Ọlọ́runyọmí.

"Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ máa ta á lọ!" ni Olóyè ń pariwo. "Inú ò bí mi! Ọmọbìnrin yìí ló ní kí n má dìde!"

Gbogbo àgbàlá yíjú sí wa.

"Ta ló ní kí olówó má náwó?"

"Ẹ bá mi wò ó! Ṣé owó baba ẹ ni?"

"Ẹ sọ fún un kó lọ gbọ́ wáàsí!"

Kí àlàáfíà lè wà, Olóyè náwó ju bó ṣe ń ná tẹ́lẹ̀ lọ. Wọ́n ki oríkì rẹ̀ títí ọjọ́ fi rọ̀. Kẹ́ń-kẹ̀n, kẹ́ń-kẹ̀n.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, iṣẹ́ ọ̀sán ni wọ́n yàn fún wa, àárọ̀ wa ṣófo. Ìsíátù ní ká lọ sí Èjìgbò, níbi tí Ọlọ́runyọmí gba yàrá sí. Ó ní ẹni tó ni orin ló yẹ kí òun ti bá láti ìbẹ̀rẹ̀. A bá a lórí àpótí níwájú ilé, ó ń fọ ṣẹ́ẹ̀tì. Ó wo Ìsíátù dáadáa.

"Àǹtí, ẹ̀yin lẹ ní kí Olóyè má dìde?"

"Èmi ni. Ìsíátù ni mí, ará Ìsẹ́yìn, aṣọ ni ìyá mi ń tà ní Òṣòdì. Ẹ má bínú."

"Ẹ ṣé," ló wí, jẹ́jẹ́ báyìí. Ó nu ọwọ́ ọṣẹ mọ́ sòkòtò, ó wọlé, ó gbé jìtá onígi jáde, irú èyí tí kì í lo iná. Ó jókòó. Kò sí Olóyè níbẹ̀, kò sí Ṣàmsúdéènì, kò sí ẹ̀rọ kankan tó máa gbé ohùn lọ. Adìyẹ nìkan ni. Inú mi dùn débi pé mo fẹ́ sunkún.

Ó ta á. Ó kan ilẹ̀kùn, ó gùn, ó dúró mí, ó tún gùn. Ó dé ibẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ sì já bọ́: kẹ́ń-kẹ̀n, kẹ́ń-kẹ̀n. Ẹnu rẹ̀ là.

"Ìsíátù o, ọmọ Ìsẹ́yìn, ọmọ aláṣọ…"

"Bọ̀ọ̀dá! Ta ló ní kí ẹ kì mí? Mi ò náwó fún yín!"

Ó wo ìka rẹ̀ bí ẹni pé ẹlòmíràn ló ni wọ́n. "Ẹ má bínú. Ọwọ́ mi ló mú ara ẹ̀ lọ síbẹ̀."

Ó tún bẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ tún já bọ́ síbi kan náà. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó di ojú, ó fi eyín di ètè mú, ó fi agbára kọjá ibẹ̀. Ó dé ibi tí wọ́n dé lọ́jọ́ ìdọ̀bálẹ̀, ó fi ohùn kan lé e, ó wá dúró.

"Lẹ́yìn ibẹ̀ ńkọ́?" ni Ìsíátù bi í.

"Ó níbi tó ń lọ. Nígbà tí mo ṣe é, mo máa ń ta á dé òpin nínú yàrá mi, ó sì dùn. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí wọ́n ti jẹ́ kí n débẹ̀, mi ò rántí ọ̀nà mọ́." Ó gbé jìtá sórí eékún. "Ẹ̀yin tí ẹ ti gbọ́ ọ tó báyìí, báwo lẹ rò pé ó yẹ kó lọ?"

Ìsíátù dìde. "Ṣé èmi ni mo ni jìtá ni?"

Kò dágbére. Mo bá a dágbére, mo sáré tẹ̀ lé e. Mọ́tò ń kọjá, àwọn kọ̀ńdọ́kítọ̀ ń pè wá, ẹsẹ̀ ló fi ń rìn lọ sí Ìsọlọ̀. Mo ní, "Ìsíátù, a máa pẹ́ síbi iṣẹ́ o." Nígbà tí a dé Òkè-Àfà, ó dúró sẹ́bàá ọ̀nà, ó fi imú kọ orin náà jẹ́jẹ́, láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé ohùn tó gbẹ̀yìn yẹn. Ó la ẹnu láti fi òmíràn lé e. Ohun kankan ò jáde. Ó pòṣé, ó sì ń bá ìrìn rẹ̀ lọ.