Ìwọ́ Tí Aránṣọ Kọ̀ Láti Gé

Ìyá aránṣọ kan wà tí kì í bẹ̀rù ohunkóhun bí ọmọ tuntun. Àkọ́bí rẹ̀ ló fà á. Abẹ tí wọ́n kàn fi aṣọ nù ni wọ́n fi gé ìwọ́ ọmọ náà. Kò pẹ́ tí àgbọ̀n rẹ̀ há, tí kò lè mu ọmú mọ́, tí ara rẹ̀ ń le gbagidi títí ó fi dákẹ́.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí òjò dí gbogbo ọ̀nà, ìyàwó ọmọ rẹ̀ tó lóyún wá gba aṣọ ní ṣọ́ọ̀bù. Kò tíì jókòó dáadáa tó fi di ìbàdí mú.

"Màmá, ó jọ pé ó ti ń bọ̀ o."

"Kí ló ń bọ̀? Ṣebí oṣù tó ń bọ̀ ni wọ́n sọ?"

Kí wọ́n tó rí ọkọ̀, ọmọ ti jáde. Obìnrin ni, ó sì ké dáadáa. Oníbàárà kan tó sá òjò wọlé na sísọ́ọ̀sì sí aránṣọ.

"Ẹ tètè gé ìwọ́ yẹn."

Sísọ́ọ̀sì tó ti ń gé aṣọ láti àárọ̀, tó ti já bọ́ sínú ẹrẹ̀! Aránṣọ tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Mi ò gé e."

"Ṣé ẹ fẹ́ kó kú ni?"

Ohun tó ń bà á lẹ́rù gan-an nìyẹn. Ó pe nọ́ọ̀sì kan tó máa ń rán aṣọ fún.

"Ẹ má gé nǹkan kan, Màmá," nọ́ọ̀sì sọ lórí fóònù. "Ìwọ́ yẹn ò ní pa á lára. Ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ yín, ẹ nu ọmọ gbẹ, ẹ gbé e lé ìyá rẹ̀ láyà, kẹ́ ẹ fi aṣọ tó mọ́ bò wọ́n. Mò ń bọ̀."

Ó fọ ọwọ́ títí dé abẹ́ èékánná, ó tún un fọ̀. Oníbàárà pòṣé. Aránṣọ jókòó ti ọmọ, ó ń wo bó ṣe ń mí, ó ń gbé etí sún mọ́ imú rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí ọmọ bá dákẹ́. Nígbà tí nọ́ọ̀sì dé, tòun ti omi lára, ó fọ ọwọ́, ó tú abẹ tuntun nínú bébà rẹ̀, ó fi òwú tó mọ́ so ìwọ́ náà, ó sì gé e.

Ẹ̀rù kò tíì tán. Aránṣọ kò jẹ́ kí wọ́n fi ohunkóhun sí ìdodo ọmọ, ẹni tí kò bá sì fọwọ́ kò gbọdọ̀ gbé e. Àwọn ará ilé sọ ọ́ ní Ọlọ́pàá Ọṣẹ. Ó kàn ń na ọṣẹ sí wọn.

Nígbà tí ìwọ́ gbẹ, tó já fúnra rẹ̀, tí ibẹ̀ mọ́ tónítóní, ìyàwó ọmọ rẹ̀ ní, "Màmá, ẹ lọ sùn wàyí."

Ó lọ, ó sì sùn títí àwọn oníbàárà fi wá ń kan ilẹ̀kùn.