Oògùn Funfun àti Oògùn Ẹ̀jẹ̀ Ìyàwó Mi

Ìyàwó mi kì í pariwo àìsàn. Tí nǹkan bá ń dùn ún, á dìde, á tún ilẹ̀ tó ti gbá tẹ́lẹ̀ gbá. Nígbà tí mo rí i tó ń gbálẹ̀ lẹ́yìn gbogbo oúnjẹ, mo mọ̀ pé oyún náà ti ń yọ ọ́ lẹ́nu.

Oyún wa àkọ́kọ́ ni, a sì ti pẹ́ tí a ti ṣègbéyàwó kó tó dúró. Sabon Gari, àdúgbò àwọn àlejò nílẹ̀ Hausa, là ń gbé, lẹ́yìn ogun abẹ́lé, nínú ilé oníyàrá púpọ̀. Mo ń ta páàtì kẹ̀kẹ́ lọ́jà. Òun ń ta mílíìkì, ṣúgà àti bisikíìtì níwájú ilé. Tó bá ti jẹun tán, omi kíkan á ru sókè láti inú rẹ̀, á máa ta á láyà títí dé ọ̀fun.

Ìyá àgbà tó ń gbé yàrá tó kọjú sí tiwa ní òun mọ ohun tó fà á.

“Irun ni. Irun orí ọmọ ló ń họ ọ́ nínú. Ọmọ yìí á nírun bí àgùntàn.”

“Ẹ bá mi sọ fún un, Màmá,” ni ìyàwó mi wí. “Kó fá a kó tó máa bọ̀.”

Níbi tó ti ń gba ìtọ́jú oyún, wọ́n fún un ní oògùn funfun olómi, èyí tó ń pa omi kíkan inú. Nígbà náà, aláìsàn ló ń gbé ìgò lọ láti ilé. Ìgò òróró ẹ̀pà ló fọ̀ gbé lọ. Oògùn náà ki bí ẹ̀kọ mímu, ó sì ń rùn bíi súìtì mínǹtì. Wọ́n tún fún un ní oògùn ẹ̀jẹ̀, oníhóró pupa, nítorí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó.

Nígbà tí a padà lọ, wọ́n gún un níka, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ náà wò. Kò gòkè. Ìgbà kejì, ó tún wálẹ̀ díẹ̀ sí i. Nọ́ọ̀sì àgbà tó ń bójú tó àwọn aboyún, ọmọ Ìjẹ̀ṣà, pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá wà báyìí títí dìgbà tó bá rọbí, ẹ̀jẹ̀ tí gbogbo obìnrin ń dà níbi ìbímọ lè gbé e lọ.

Mo gbọ́. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń ra ẹ̀dọ̀ màlúù bọ̀ láti ọjà. Kò fẹ́ràn ẹ̀dọ̀, ṣùgbọ́n ó ń jẹ ẹ́.

Ìgbà kẹta tí ẹ̀jẹ̀ kọ̀ tí kò gòkè, nọ́ọ̀sì náà ti ìwé rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

“Ṣé ò ń lo oògùn?”

“Mò ń lò ó, Màmá.”

“Ọkọ ìyàwó, ṣé òótọ́ ni?”

Mo ní òótọ́ ni. Kì í fo ọjọ́ kankan, ó sì ń jẹ ẹ̀dọ̀ tí mo ń rà.

“Ó dáa. Lò ó níbí kí n rí ọ.”

Ìyàwó mi kó gbogbo rẹ̀ jáde nínú báàgì rẹ̀. Ó fi ẹnu sí ìgò, ó mu oògùn funfun díẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé àyà, ó dúró. Ó wá ju hóró pupa sẹ́nu. Ó tún mu funfun díẹ̀ lé e lórí. Ó nu ẹnu rẹ̀ bí ẹni tó ṣiṣẹ́ tó dáa.

“Kí ló dé tó o fi ṣe báyẹn?” ni nọ́ọ̀sì bi í.

“Màmá, èèyàn kì í mú àlejò wọlé láì tẹ́ ẹní. Funfun yìí ni ẹní. Tí mo bá ti tẹ́ ẹ, oògùn ẹ̀jẹ̀ á wọlé jókòó. Mo wá fi díẹ̀ bò ó, kí òtútù má baà mú un.”

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín títí ó fi di tábìlì mú.

“Ìwọ ọmọ yìí, àlejò rẹ ò tíì jókòó rí! Funfun yìí ló ń dì í mú. Àwọn méjèèjì jọ ń gba ẹ̀yìn jáde ni.”

“Gbogbo rẹ̀?”

“Èyí tó pọ̀ jù. Ẹ̀dọ̀ tí ọkọ rẹ ń rà ńkọ́? Ṣé o tẹ́ ẹní fún òun náà?”

“Mo tẹ́ ẹ.” Ó yíjú sí mi. “Ẹ̀dọ̀ tí mi ò tiẹ̀ fẹ́ràn!”

Nọ́ọ̀sì wá là á yé wa. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ni kó kọ́kọ́ lò láàárọ̀, pẹ̀lú omi tàbí omi ọsàn. Kó gbọn ìgò funfun kó tó da oògùn sínú ṣíbí. Kò gbọdọ̀ fẹnu mu ún nínú ìgò mọ́. Lẹ́yìn oúnjẹ ni kó máa lò ó, kò sì gbọdọ̀ ju iye tí wọ́n ní kó lò lọ. Kó máa jẹun díẹ̀díẹ̀, kó má sì dùbúlẹ̀ kété tó bá jẹun tán.

“Kán-ún tó ò ń lá ńkọ́?”

“Màmá, mi ò tíì dárúkọ kán-ún o.”

“Gbogbo yín lẹ ń lá a. Jáwọ́ ńbẹ̀. Oògùn ẹ̀jẹ̀ lè sọ ìgbẹ́ di dúdú, má fòyà. Àmọ́ tó o bá bì, tó jẹ́ dúdú tàbí ẹ̀jẹ̀, má dúró de ọjọ́ tí a dá fún ọ. Wá kíákíá.”

“Báwo ni kí àyè tó wà láàárín àwọn oògùn méjèèjì ṣe gùn tó?” ni ìyàwó mi bi í.

“Wákàtí méjì, ó kéré tán.”

“Bí ìsìn wa lọ́jọ́ Àìkú?”

“Ìjọ wo lẹ̀ ń lọ?” Ìyàwó mi sọ fún un. “Áà, tiyín ti gùn jù. Ìdajì rẹ̀ tó.”

Onígbàgbọ́ ni wá, ṣùgbọ́n ládàní ló di aago wa. Tó bá ti pe ìrun àárọ̀, ìyàwó mi á lo hóró pupa. Lẹ́yìn náà ni ìdúró bẹ̀rẹ̀. Àwọn àárọ̀ kan wà tí omi kíkan náà ń ru kí àkókò funfun tó tó. Èmi ni mo ń jókòó ti ìgò.

“Ẹ fún mi, ẹ jọ̀ọ́.”

“Ó kù díẹ̀.”

“Ẹ̀yin ọkùnrin. Ẹ̀ bá lóyún lẹ́ẹ̀kan péré!”

Mi ò mọ ìtàn pa. Mo mú ìwé ìtàn tí a ń lò ní ilé ẹ̀kọ́ àgbà, torí mo ti lé lọ́gbọ̀n ọdún kí n tó mọ̀wé kà, mo sì ń kà á sí i létí. Mo ń fọwọ́ tọ ọ̀rọ̀ lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní kíkà mi ń ta á láyà ju omi kíkan lọ. Ṣùgbọ́n tí mo bá dákẹ́, á ní, “Kí ló wá ṣẹlẹ̀ sí i?” Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà ni àìsàn mìíràn mú un lọ. Mi ò kàwé sókè mọ́.

Nígbà tí a tún lọ, wọ́n gún un níka. Nọ́ọ̀sì wo ìwé, ó tún un wò. “Ó ti ń gòkè,” ló wí. Ìgbà tó tẹ̀ lé e, ó ní ó ti tó, kí ó máa bá oògùn lọ bẹ́ẹ̀, kí a sì máa múra.

A gba inú ọjà kọjá lọ sílé. Títí di ọjọ́ yẹn, ìyàwó mi kò gbà kí aṣọ ọmọ kankan wọ yàrá wa. Àwọn èèyàn wa kì í ra aṣọ de ọmọ tí a kò tíì bí, ìyá àgbà sì ń ṣọ́ wa lórí rẹ̀. Ìyàwó mi dúró lọ́dọ̀ Hausa aláṣọ kan. Ọkùnrin náà kí i káàbọ̀, ó ní, “Sannu da zuwa.” Ìyàwó mi dá a lóhùn, ó sì fọwọ́ pa aṣọ ọmọ fẹ́lẹ́ aláwọ̀ ìyeyè kan.

“Ẹ jẹ́ ká ra èyí.”

“Ìyá àgbà ńkọ́?”

“Ẹ fi sábẹ́ ẹ̀wù yín gbé e wọlé.”

Mo fi sábẹ́ ẹ̀wù mi gbé e wọlé.