Ẹ̀rín Àbúrò Mi ní Arigbo

Ní ṣọ́ọ̀bù kékeré tí mo ní lẹ́bàá ọjà Dassa, fọ́tò ni mo kọ́kọ́ ń yà. Nígbà tí gbogbo ènìyàn wá ní fóònù tó ń ya fọ́tò, iṣẹ́ náà dínkù, ni mo bá kọ́ bí wọ́n ṣe ń yọ àwòrán tó ń mira láti inú fídíò. Jíìfù ni àwọn ọ̀dọ́ ń pè é. Oníbàárà á gbé fídíò ìrìbọmi tàbí ti ìgbéyàwó wá, èmi á gé ibi tó dùn jù nínú rẹ̀, màá so ìparí rẹ̀ mọ́ ìbẹ̀rẹ̀, kí àwòrán náà lè máa yí po láìdúró. Wọ́n á fi ránṣẹ́ sí ẹbí wọn ní Cotonou. Iṣẹ́ ayọ̀ ni. N kò rò ó rí pé n óò ṣe ti ẹni tó ti kú.

Àbúrò mi obìnrin ni, àbíkẹ́yìn ìyá wa. Aránṣọ ni. Ara gbígbóná ló bẹ̀rẹ̀, a rò pé ibà lásán ni. Nígbà tí a fi máa gbé e dé ilé ìwòsàn, kò dá ẹnikẹ́ni mọ̀ mọ́, kò sì padà wálé.

A sin ín sí Kèrè, àdúgbò wa. Nígbà tí àwọn tó wá bá wa dárò ti lọ tán, ìyá mi wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù, ó jókòó sórí àga àwọn oníbàárà.

"Fídíò tí o yà ní Arigbo," ó ní, "ṣé ó ṣì wà lọ́wọ́ rẹ?"

Ó wà. Inú oṣù kẹjọ ni mo yà á, nígbà tí gbogbo ilé wa lọ gbàdúrà níbi ihò àpáta Màríà Mímọ́. Nínú rẹ̀, àbúrò mi dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ àpáta, ó ń tún gèlè rẹ̀ wé. Bó ṣe rí i pé mò ń ya òun, ó rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ó sọ̀rọ̀ díẹ̀, ó yíjú padà, ó sì wọ àárín èrò lọ.

"Ṣe é bí o ṣe ń ṣe ti àwọn oníbàárà rẹ," ìyá mi ní. "Ṣùgbọ́n ibi tó ti yíjú padà yẹn, yọ ọ́ kúrò. N kò fẹ́ kó lọ."

Iṣẹ́ tí kì í pẹ́ mi gba odindi ọ̀sán lọ́wọ́ mi. Ibikíbi tí mo bá gé e dé, èjìká rẹ̀ á ti bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Mo ń dín in kù ṣáá, títí tó fi ku ọwọ́ tó wà lórí gèlè àti ẹ̀rín yẹn nìkan.

Láti ọjọ́ náà, fóònù kò kúrò lọ́wọ́ ìyá mi. Kò lọ sóko mọ́. Ẹni tó bá yà kí i, á fi han onítọ̀hún. Bàbá mi nìkan ni kò wò ó. Nígbà tó na fóònù sí i, bàbá mi gbé ojú kúrò.

"Ọmọ yìí kò sinmi," ó ní. "Láti àárọ̀ ló ti ń rẹ́rìn-ín. Ta ni yóò máa rẹ́rìn-ín báyẹn tí kò ní rẹ̀ ẹ́?"

Ìyá mi dìde, ó wọ yàrá lọ.

Ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn rẹ̀, èmi náà rí i. Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, lẹ́yìn tí a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, ó bá mi níbi tí mo ti ń ṣa ẹ̀wà.

"Mò ń gbàgbé ohùn rẹ̀," ó ní. "Ó ń rẹ́rìn-ín, n kò sì gbọ́ ẹ̀rín. Ṣé o pa ohùn náà rẹ́ ni?"

Mo ṣàlàyé fún un pé irú àwòrán bẹ́ẹ̀ kì í gba ohùn, pé ohùn náà ṣì wà nínú fídíò.

"Fi fídíò náà sí i fún mi. Gbogbo rẹ̀."

"Màmá, ó máa yíjú padà o."

"Mo mọ̀."

Orin àwọn èrò la kọ́kọ́ gbọ́, lẹ́yìn náà ẹ̀rín rẹ̀, lẹ́yìn náà òun fúnra rẹ̀: "Màmá, ẹ jókòó síbẹ̀ yẹn. Ẹ jẹ́ kí n lọ wá omi fún yín." Ó yíjú padà. A ń rí aṣọ rẹ̀ láàárín àwọn ènìyàn títí agbòjò ẹnìkan fi bò ó.

"O ṣé, ọmọ mi," ìyá mi wí fún fóònù. "Máa lọ."

Ó wá bú sẹ́kún, irú ẹkún tí kò sun ní ọjọ́ ìsìnkú. Bàbá mi gbọ́ ọ láti ẹ̀yìnkùlé, ó wá jókòó tì í, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. Nígbà tó ṣe, bàbá mi ní kí n tún fi sí i. Ó di ojú rẹ̀, ó sì tẹ́tí sí i dé òpin.

Lọ́jọ́ kejì, ìyá mi gbé ọkọ́, ó tẹ̀lé bàbá mi lọ sóko. Èmi lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù. Tọkọtaya kan ti ń dúró dè mí pẹ̀lú fídíò ìrìbọmi ọmọ wọn. Mo ṣí i, mo wò ó lẹ́ẹ̀mejì, n kò mọ ibi tí n óò ti gé e. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n padà wá nírọ̀lẹ́.