Ọjọ́ Tí Mo Ro Ìpín Mi Nídìí Òpó Ààlà

Òórùn koríko tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé ló bá mi níbi tí mo jókòó sí lóṣù tó kọjá, tí omi fi kún ojú mi láàárín àwọn ọmọ ọlọ́mọ. Ọmọ-ọmọ mi obìnrin ló ní kí a lọ gba atẹ́gùn ní ọgbà ìgbafẹ́ tuntun kan ní Ìlaròó. Ọgbà náà dára, mi ò ní purọ́. Wọ́n fi sìmẹ́ńtì ṣe ọ̀nà yí i ká fún àwọn tó fẹ́ rìn kí ara wọn le, wọ́n sì gbé jangilófà síbẹ̀ fún àwọn ọmọdé. Ọkùnrin méjì tó wọ aṣọ iṣẹ́ ń ti ẹ̀rọ tó ń gé koríko, ariwo rẹ̀ gba gbogbo ibẹ̀, wọn ò sì wo ojú ẹnikẹ́ni. Pátákó kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi tó ní kí ẹnikẹ́ni má tẹ koríko. Mo ní, koríko tí a ò gbọdọ̀ tẹ̀, kí ni wọ́n wá gbìn ín fún? Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ó ní, "Màmá àgbà, ẹ tún ti bẹ̀rẹ̀." Kò mọ̀ pé mo ti bá koríko dá ọ̀ràn rí, àti pé àgbàlagbà kan ló jìyà rẹ̀.

Ìlú kékeré ni ìlú wa, lọ́nà Ọjà-Ọ̀dàn, bí ènìyàn bá ń lọ síhà ẹnubodè. Àgbẹ̀ àti oníṣòwò la jẹ́. Mùsùlùmí, Kìrìsìtẹ́nì, ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀, inú agboolé kan náà ni gbogbo wọn ti ń jáde. A ò ní iná, a ò ní ẹ̀rọ omi, ṣùgbọ́n a ní pápá. Àárín ìlú gan-an ló wà, ó tẹ́jú, igi ọ̀dán ńláńlá mẹ́fà ló yí i ká. Abẹ́ ọ̀kan nínú wọn ni àwọn bàbá ti ń ta ayò, tí wọ́n ń bú ara wọn bí ẹni pé wọn ò tún ní jẹun pọ̀ mọ́ láyé. Àwọn ọmọkùnrin ń gbá bọ́ọ̀lù láàárín, àwa ọmọbìnrin ń ṣe tẹ́ńtẹ́n lẹ́bàá ògiri ilé-ẹ̀kọ́. Ẹni tó fẹ́ parí ìjà, ẹni tó fẹ́ fojú sọ́nà fún ìyàwó, ẹni tí ooru lé kúrò nínú yàrá, pápá ni gbogbo wọn ń bọ̀.

Ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ là ń pè ní Bàbá Pápá. Ìjọba ìbílẹ̀ ìgbà náà ló gbà á síṣẹ́. Wọ́n fún un ní ṣòkòtò kakí kan, fèrè kan àti àdá kan, wọ́n sì gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Bàbá gíga kan ni, tí kì í pariwo. Òun nìkan ò lè ro pápá náà, nítorí náà ó fi ọ̀pá oparun wọn gbogbo etí rẹ̀, ó pín in fún agboolé kọ̀ọ̀kan, agboolé sì pín in fún ọmọ. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbà kò wọ akèrègbè; ọmọ tó bá ti lè gbé ọkọ́, ó ti ní ìpín nìyẹn. Bí a bá ro ó ní Sátidé yìí, a ó sinmi ní Sátidé tó ń bọ̀. Kò sí ìwé tí wọ́n kọ ọ́ sí, orí Bàbá ni gbogbo rẹ̀ wà. Bí òjò ńlá bá rọ̀, á so màrìwò mọ́ àbáwọlé, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ tẹ pápá títí ilẹ̀ á fi gbẹ, ìbáà jẹ́ ọmọ ọba. Bí o bá ro ìpín rẹ láìdáa, kì í nà ọ́. Á kàn wá dúró tì ọ́, á wo ilẹ̀, á wo ojú rẹ, á ní, "Ta ló ni ibí yìí?" Ìtìjú yẹn ju pàṣán lọ.

Láti ẹ̀yìn pápá ni ọ̀nà ẹsẹ̀ kan ti wọ inú igbó lọ sí abúlé tó wà lódìkejì ààlà. Àwọn òyìnbó ló pín wa. Èdè kan náà là ń sọ, àfi pé olùkọ́ ń kọ́ àwa ní gúdù mọ́nì, wọ́n ń kọ́ àwọn ní bọ́ńjúù. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi wà nílé ọkọ níbẹ̀, kò sí ilé kan ní ìlú wa tí kò ní ẹbí lọ́hùn-ún. Abẹ́ Bàbá Pápá ni ọ̀nà náà wà pẹ̀lú. A ó ro tiwa láti pápá dé ìdí òpó sìmẹ́ńtì tí àwọn òyìnbó rì mọ́lẹ̀ láti fi pààlà, àwọn náà á ro tiwọn láti abúlé wọn wá bá wa níbẹ̀. Ẹgbẹ́ tó bá kọ́kọ́ dé á jókòó de èkejì, lẹ́yìn náà a ó jọ jẹ èkuru tí àwọn ìyá wa gbé wá. Ohun ìtìjú gbáà ni kí apá kan dé òpó kó bá igbó nílẹ̀ apá kejì. Wọ́n á fi yín kọrin, orin náà á sì tẹ̀ lé yín délé.

Ìpín mi ló kángun sí òpó. Ní òdìkejì, ìpín ọmọ kan tó ń jẹ́ Síkírá ló kọ́kọ́ wà. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí, òun náà ò jù bẹ́ẹ̀ lọ. A ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, a ó máa ro bọ̀ wá pàdé ara wa, títí ọkọ́ wa á fi kan ara wọn. Ọwọ́ òsì ni mo fi ń roko. Wọ́n ń lù mí sí i nílé. Olùkọ́ kan tiẹ̀ so ọwọ́ náà mọ́ mi lẹ́yìn rí. Bàbá Pápá nìkan ló ní, "Ẹ fi í sílẹ̀, koríko ò mọ ọwọ́ tó gé e." Síkírá ní tirẹ̀ a máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ibi tí ipa ọkọ́ gbogbo ayé kẹ̀yìn sí ni tèmi kọjú sí. Mo fẹ́ràn ọmọ yẹn gan-an ni. Mi ò ní irú ọ̀rẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ìgbà náà ni ìjọba ológun ti ẹnubodè pa. Ẹ̀yin náà ti rí irú rẹ̀ láìpẹ́ yìí, ẹ mọ bí ìrẹsì ṣe di ohun tí à ń wò lókèèrè. Ti ìgbà tiwa tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. A gbọ́ pé ọkọ̀ ẹrù tò ní Ìdí-Ìrókò kọjá ibi tí ojú lè tó. Lọ́dọ̀ tiwa, ọkùnrin mẹ́rin tó gbé ìbọn ló wá bá Bàbá Pápá lórí pápá, akọ̀wé ìjọba ìbílẹ̀ kan sì tẹ̀ lé wọn. Wọ́n ní ọ̀nà ẹ̀yìn pápá, ọ̀nà fàyàwọ́ ni. Wọ́n ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ro ó mọ́, kí koríko hù níbẹ̀ títí eku pàápàá ò fi ní rí ibi gbà, àti pé ọrùn Bàbá ni ọ̀ràn náà wà. Bàbá ní, "Mo gbọ́." Ó lọ já màrìwò, ó so ó mọ́ ẹnu ọ̀nà fúnra rẹ̀. Ẹni tó ti fi ogún ọdún ro ọ̀nà, ẹ wá ní kó máa ṣọ́ koríko kó lè hù! Inú ṣì ń bí mi bí mo bá rántí rẹ̀.

Oṣù mẹ́ta kọjá. Ohun kan ṣoṣo ló wà lọ́kàn mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín: kí Síkírá má lọ wí pé mo ya ọ̀lẹ. Mi ò ro ti sójà, mi ò ro ti ìjọba. Lọ́jọ́ Sátidé kan, nígbà tí a ro pápá tán, tí àwọn yòókù sáré lọ wẹ̀ lódò, mo gbé ọkọ́ mi, mo bẹ̀rẹ̀ gba abẹ́ màrìwò kọjá. Koríko ga jù mí lọ. Nígbà tí mo dé ìdí òpó, mo dúró gbagidi. Ìpín Síkírá mọ́ tónítóní. Ipa ọkọ́ rẹ̀ ṣì tutù nílẹ̀. Háà! Ó ti wá, ó ti ro tirẹ̀, ó ti rí tèmi nínú igbó, ó sì ti lọ! Ojú tì mí débi pé etí mi gbóná. Mo ro ìpín mi bí ẹni tí wọ́n ń lé. Mo gbá a, mo kó koríko jọ síhà ìsàlẹ̀ bí Bàbá ṣe kọ́ wa, kí òjò má baà wọ́ ọ padà. Mo délé, mo jẹun, mo sùn bí ẹni tó san ẹ̀jẹ́.

Ọmọdé mà ni mí o. Mi ò mọ̀ pé ohun tí àwa méjèèjì ṣe ni pé a la ojú ilẹ̀ tó mọ́ kan sáàárín igbó, nídìí ààlà gan-an, irú ibi tí onífàyàwọ́ á ti fẹ́ gbé ẹrù lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Lọ́jọ́ kẹta, àwọn sójà tó ń ṣọ́ igbó rí i. Wọ́n mú Bàbá Pápá lọ wò ó, wọ́n sì mú un padà wá sórí pápá lójú gbogbo ìlú. Ọ̀gá wọn béèrè ẹni tó ro ó. Ó ní bí ẹni náà bá jáde, Bàbá lè máa lọ sílé. Bàbá wò wá káàkiri. Ojú rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ mi, ó dúró díẹ̀, ó kọjá. Ẹni tó bá ti rí ipa ọkọ́ yẹn, tó sì mọ àwa ọmọ ìlú, kò nílò kí ẹnikẹ́ni sọ fún un.

"Èmi ni mo ro ó," ni Bàbá wí. "Iṣẹ́ mi ni."

Ìyàwó rẹ̀ figbe ta, ó ní, "Bàbá Àlàbá, kí lẹ ń wí? Ṣebí ilé lẹ wà!" Èmi ńkọ́? Ẹnu mi wà níbẹ̀, ahọ́n mi wà nínú rẹ̀. Mo dúró ti ìyá mi, mo di ìró rẹ̀ mú, mo ń wo ilẹ̀ títí wọ́n fi gbé e lọ.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló lò ní àgọ́ wọn. Nígbà tó dé, ó ti gbẹ, etí rẹ̀ kan ò sì gbọ́ràn dáadáa mọ́. Ìjọba ìbílẹ̀ gba kakí, wọ́n gba fèrè, wọ́n ní kó máa lọ. Ó padà sí oko ẹ̀gẹ́ bàbá rẹ̀. Bó bá ń kọjá létí pápá, á gbé ojú sí ọ̀nà mìíràn. Ẹni tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀, ìlú mìíràn ló ti ń wá, lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kò mọ agboolé kankan. A dúró de fèrè tó ń pè wá síṣẹ́ ní Sátidé méjì, fèrè ò dún. Ewúrẹ́ gba ìdí ọ̀dán. Nígbà tó yá, wọ́n ń kó àwọn ọkọ̀ tí wọ́n gbẹ́sẹ̀ lé wá síbẹ̀, epo ń kán sílẹ̀, ibi tó bá sì kán sí, koríko ò hù níbẹ̀ mọ́. Àwọn bàbá gbé ọpọ́n ayò wọn lọ sílé.

Kò sí ẹni tó bú mi, nítorí kò sí ẹni tó mọ̀, àfi ẹnìkan, ẹni náà ò sì sọ̀rọ̀. Bí mo bá pàdé rẹ̀ lọ́nà oko, màá kúnlẹ̀, màá ní, "Ẹ kú àárọ̀ o, Bàbá." Á ní, "O káre, ọmọ mi." A ó kọjá lára ara wa. Àtàrí àjànàkú kì í ṣe ẹrù ọmọdé, èmi gbé e. Ojoojúmọ́ ni mo ń sọ pé lọ́la ni màá sọ fún un. Ọ̀la di ọdún kan, ó di ọdún méjì.

Wọ́n wá ṣí ẹnubodè. Àwọn àgbà ní kí a tún ọ̀nà ro. Àṣé kò sí ẹni tó rántí ibi tí ìpín agboolé kankan parí sí; kí oòrùn tó ràn, agboolé méjì ti ń fa ara wọn láṣọ ya. Ni wọ́n bá lọ bẹ Bàbá Pápá. Mo rò pé kò ní wá. Ó wá, láìsí kakí, láìsí fèrè. Ó gé oparun tuntun, ó ń wọn ilẹ̀ lọ, ó ń dárúkọ agboolé lọ́kọ̀ọ̀kan, kò ṣi ẹyọ kan. Bó ṣe ń wọ̀n ọ́n lọ, mo mọ ibi tó máa parí sí. Nígbà tí a dé ìdí òpó, èmi àti òun nìkan ló kù. Ní òdìkejì, obìnrin àgbà kan ló ń ro ìpín Síkírá. Mo kí i, mo béèrè ọ̀rẹ́ mi. Ó ní wọ́n ti mú un lọ sí Kùtọnu, sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, láti ọdún tó kọjá. Títí di òní, mi ò tún fojú kàn án.

Ọkọ́ bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo kúnlẹ̀ sínú koríko, mo ní, "Bàbá, èmi ni. Èmi ni mo ro ó lọ́jọ́ yẹn." Ẹkún ò jẹ́ kí n sọ èyí tó kù. Mo ń retí kó ní kò séwu, kó ní ọmọdé ni mí, kó gbé ọwọ́ lé mi lórí. Àwọn àgbà a máa ṣe bẹ́ẹ̀. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó fi oparun tilẹ̀, ó wò mí pẹ́.

"Mo mọ̀," ló wí. "Láti ọjọ́ tí wọ́n ti tú mi sílẹ̀ ni mo ti ń retí rẹ. Mo sọ fún ìyá Àlàbá kó má máa ti ilẹ̀kùn, pé ẹnìkan ń bọ̀ wá bá mi."

Ó wọn ọ̀pá mẹ́rin fún mi, ó ní kí n máa ro ó.

Bàbá ti kú tipẹ́. Ilé ìtajà ti jẹ ìdajì pápá, ọ̀dán méjì péré ló kù. Ààlà ṣì wà níbẹ̀, wọ́n ń tì í, wọ́n ń ṣí i, àwọn ẹbí ṣì ń wá ara wọn lọ. Ìjọba ló ń ro gbogbo nǹkan fún àwọn ọmọ ìsinsìnyí, bí ìjọba bá sì gbàgbé, wọ́n á kàn gba ẹ̀gbẹ́ igbó kọjá, nítorí ẹnikẹ́ni ò ní ìpín níbẹ̀. Mi ò bá wọn wí, àwa la ò pín in fún wọn. Ní tèmi, mo ti darúgbó, mo sì ti bẹ Ọlọ́run títí. Ọjọ́ mẹ́sàn-án tí Bàbá lò ní àgọ́, àwọn tó mú un ló fi ìyẹn jẹ ẹ́ níyà. Ọdún méjì tó fi ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀, èmi ni.