Ojú Ewé Mẹ́jọ Tó Já Lára Ìwé Gbọ́ládé

Mo ń sọ ọ́, Kàfáyá ọmọ ọmọ mi ń kọ ọ́ sílẹ̀. Mo ti kìlọ̀ fún un pé ibi tí inú bá ti ń bí mi, kó má yọ ọ́ kúrò.

Ọ̀rọ̀ Gbọ́ládé ni mo fẹ́ sọ. Ọmọ Ìkìrun ni, ó sì ti gbé ọdún mẹ́tàlá nínú yàrá kan lẹ́yìn ilé mi ní Ìlo-Àwẹ̀là. Ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ọ̀rá tí a fi ń di ọjà ní Àgbárá ló ń bá ṣiṣẹ́. Ẹ̀rọ tó ń gé ọ̀rá ló ń dúró tì, ẹ̀rọ náà sì ti jẹ ìka rẹ̀ kan. Ìyàwó rẹ̀ wà nílé ní Ìkìrun, ó ń bá a tọ́jú ìyá rẹ̀ tí ara rẹ̀ ò yá.

Ẹni tó bá rí i nínú aṣọ iṣẹ́ á rò pé kò mọ nǹkan kan ju ọ̀rá lọ. Ẹ jẹ́ ká wọ yàrá rẹ̀ ná. Ìwé ló kún ibẹ̀ láti ilẹ̀ dé òkè. Ó gé àwòrán àwọn tó kọ wọ́n nínú kàlẹ́ńdà àtijọ́, ó lẹ̀ wọ́n mọ́ ògiri: òyìnbó onírùngbọ̀n, adúláwọ̀ onífìlà. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wọbẹ̀, mo ní, "Gbọ́ládé, ṣé gbogbo bàbá wọ̀nyí ló para pọ̀ bí ẹ ni?"

Ó ní, "Màmá, ká kúkú sọ bẹ́ẹ̀."

Ó mọ ìtàn ayé wọn bí ẹni mọ ti ará ilé rẹ̀. Ó mọ èyí tó kọ ìwé lẹ́wọ̀n, ó mọ èyí tí ìlú rẹ̀ lé jáde nítorí ohun tó kọ. Ṣùgbọ́n èyí tó fẹ́ràn jù láàárín wọn kò ní àwòrán. Tíṣà Cornelius ni, ará ìhà ọ̀dọ̀ wa níbí, tó ti kú tipẹ́. Ìwé kan ṣoṣo ló kọ láyé rẹ̀, Òwú Ìyá Àlàrí. Gbọ́ládé ní nígbà tí òun wà ní kékeré, kò sí ilé ẹ̀kọ́ tí wọn kì í ti í kà á, títí dé Ìkìrun.

Ní ọjọ́ Sátidé kan, ó ń ka ìwé náà sí mi létí. Ìyá Àlàrí kú, ó fi aṣọ sílẹ̀ lórí òfì láìhun ún tán, òwú sì tán. Àlàrí dìde, ó ní òun ń lọ gba òwú yòókù lọ́wọ́ ìyá òun lọ́run. Ibẹ̀ ni mo ti já a gbà lẹ́nu rẹ̀. Mo ń sọ ohun tó kàn kó tó ṣí ewé.

Ó fò dìde. "Màmá! Ta ló ti ka ìwé yìí fún yín rí?"

"Ìwé wo? Àlọ́ ìyá mi nìyẹn."

Òtítọ́ ni. Ẹfúnkẹ́ ni ìyá mi, ní Ìlọ́gbò. Mo kéré, ṣùgbọ́n mo rántí tíṣà kan tó máa ń gun kẹ̀kẹ́ wá lálẹ́, tí á jókòó sórí odó tí a dojú rẹ̀ dé, tí á máa kọ̀wé lábẹ́ òṣùpá. Ó máa ń mú iyọ̀ wá fún ìyá mi. Mo bi Gbọ́ládé bóyá orúkọ ìyá mi wà nínú ìwé náà. Ó wò ó síwá sẹ́yìn. Ó ní kò sí. Mo ní, "Hùn."

Nígbà yẹn, àwọn ìjọ ti ra oko wa tán, ibi tí mo ti ń ṣẹ́gi ti di gbọ̀ngàn. Yunifásítì ló tún tẹ̀ lé e. Èyí tí mò ń wí kì í ṣe àwọn ńlá tí ẹ̀ ń rò, kékeré kan báyìí ni. Wọ́n fẹ́ tún ìwé Yorùbá àtijọ́ kan tẹ̀ fún àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ wọn. Obìnrin tó jẹ́ alábòójútó ilé ìkàwé wọn sọ fún Gbọ́ládé pé bó bá lè mú Òwú Ìyá Àlàrí wá ní pípé kí aago méjìlá ọ̀sán ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ tó lù, Gbọ́ládé ni wọn á gbà síṣẹ́ láti bójú tó títẹ̀ rẹ̀, nínú ilé ìkàwé, lórí àga. Ẹ ò rí i? Ọkùnrin yìí á bọ́ lọ́wọ́ ọ̀rá.

Ṣùgbọ́n ìwé rẹ̀ kò pé. Ikán ti jẹ ojú ewé mẹ́jọ tó gbẹ̀yìn. Ibi tí Àlàrí ti kan oníbodè ọ̀run ló dúró sí. Gbọ́ládé lọ sọ́dọ̀ ọmọ Cornelius ní Ìjọkọ́, ìyẹn ní òun ti dáná sun gbogbo ìwé bàbá òun nígbà tí òun ń kọ́ ṣọ́ọ̀bù. Ó wá ku èmi nìkan.

Àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló wá bá mi, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ alẹ́ dé, ojú rẹ̀ pọ́n.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ parí àlọ́ yẹn fún mi."

"Oòrùn ń ràn, o ní kí n pàlọ́? Ìyá rẹ ńkọ́?"

"Ara wọn ò tíì le."

"O wá fẹ́ kí n bá ẹ pa á?"

Ní ilé tiwa, ẹni tó bá gbọ́ àlọ́ lọ́sàn-án, ẹ̀mí ìyá rẹ̀ ló fi ń ṣeré. Tèmi ti lọ. Tirẹ̀ wà láàyè. Mo ní kó wá lálẹ́. Alẹ́ wo? Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni bọ́ọ̀sì ilé-iṣẹ́ ń gbé e, ó di àárọ̀ kó tó dé. Ó bẹ Rauf, ọ̀gá rẹ̀, pé kó yí òun sí iṣẹ́ ọ̀sán fún ọjọ́ kan péré. Rauf ní, "Ṣé àlọ́ ló máa bá mi gé ọ̀rá?"

Ọjọ́rú, ó wá. Ọjọ́bọ̀, ó wá. Ọjọ́ Ẹtì àti Sátidé, ó tún wá. Mo kọ̀ jálẹ̀. Mo rò pé oore ni mò ń ṣe.

Ọjọ́ Àìkú ni ìsinmi rẹ̀. Bí ilẹ̀ ṣe ń ṣú, mo ti wẹ̀, mo ti jókòó, ó ti mú bírò dání. Àfi bí ìjọ tuntun tó wà lẹ́yìn ọgbà wa ṣe bẹ̀rẹ̀ ìsọjí ọlọ́jọ́ mẹ́ta! Ẹ̀rọ gbohùngbohùn mẹ́rin, gbogbo wọn kọjú sí wa.

"Oníbodè wá sọ fún Àlàrí pé..."

"Ẹ ní kí ni, Màmá?"

"Mo ní oníbodè!"

"Oníbodè ní kí ni?"

A wọ yàrá, a ti fèrèsé, ariwo bá wa wọlé. Ó gbé fóònù sí mi lẹ́nu láti gba ohùn mi sílẹ̀, mo fi gbogbo ọ̀fun pa á tán. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, a tẹ́tí sí i: halelúyà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ohùn mi ń dún lábẹ́ rẹ̀ bí ẹ̀fọn.

Gbọ́ládé jókòó sí ẹnu ọ̀nà mi. Ó ń wo ọwọ́ rẹ̀ tí ìka ò pé. Ìgbà yẹn ni ọgbọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ sí mi nínú. Kí ni wọ́n ń pè ní alẹ́ gan-an? Ṣebí òkùnkùn ni? Mo ká kúbúsù méjì lórí bẹ́ẹ̀dì mi, Kàfáyá bá mi fi wọ́n bo fèrèsé, mo fi ìró di abẹ́ ilẹ̀kùn. Yàrá ṣú dùdù. Mo ní, "Ó yá, ilẹ̀ ti ṣú." Gbọ́ládé rẹ́rìn-ín, ó tan iná fóònù rẹ̀ sórí ìwé.

Oníbodè sọ fún Àlàrí pé yóò rí òwú gbà, bó bá lè fi orin tí ìyá rẹ̀ fi ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún ṣe pàṣípààrọ̀ rẹ̀. Àlàrí kọ orin náà fún un. Ó gba òwú, ó délé, ó hun aṣọ náà tán, aṣọ tí irú rẹ̀ kò sí. Ṣùgbọ́n nígbà tí òun náà bímọ tí ọmọ ń ké, ó la ẹnu, kò sí orin níbẹ̀ mọ́.

Gbọ́ládé kọ gbogbo rẹ̀ tán. Lẹ́yìn náà ó fi abẹ́rẹ́ rán àwọn ewé náà mọ́ ìwé, ó gun ọ̀kadà, ó sì dé yunifásítì kí aago méjìlá tó lù.

Obìnrin náà ní, "Ìwé ọwọ́ rèé. Ẹ̀rí wo ló wà pé Cornelius ló kọ èyí?"

Ó ní, "Ẹ̀yin mà, lẹ́nu Ẹfúnkẹ́ ni Cornelius ti gbọ́ ọ. Ọmọ rẹ̀ ló pa á fún mi."

"Ta ni Ẹfúnkẹ́? Ìwé wo lòun kọ?"

Ó wá sọ fún un pé ohun tí a bá fi ọwọ́ kọ, ìgbìmọ̀ ló gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò. Ọjọ́ Ẹtì tó kọjá ni ìgbìmọ̀ jókòó, ó tún di ọdún tó ń bọ̀. Ìwé ẹlòmíràn tó pé ni wọ́n máa tẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ èyí fún Gbọ́ládé tẹ́lẹ̀.

Nígbà tó dé, mo bú obìnrin yẹn, mo bú Rauf, mo bú ìsọjí. Gbọ́ládé ní, "Màmá, ẹ fi wọ́n sílẹ̀." Ó ṣí ewé tó kẹ́yìn hàn mí. Kàfáyá kà á: Gbọ́ládé ti kọ orúkọ Ẹfúnkẹ́ sísàlẹ̀ ti Cornelius. Ó gbé ìwé náà padà síbi tó ń gbé e sí. Bọ́ọ̀sì fọn fèrè níta. Ó wọ aṣọ iṣẹ́, ó lọ.

Ara ìyá rẹ̀ ti le báyìí, ó ń rìn. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, bí mo ṣe ń tú àwọn kúbúsù kúrò lójú fèrèsé, èébú ni mò ń bù lé wọn lórí, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ti kọ́kọ́ wá bẹ̀ mí ni wọ́n ti wà lórí bẹ́ẹ̀dì mi. Orí wọn ni mo ń sùn sí.